Orúkọ Tí Mo Búra Pé Kì í Ṣe Ti Ẹnikẹ́ni

Phoebe, ìyàwó mi, bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kó o sì jókòó. Pásítọ̀ Démiládé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbàdúrà. Bí ẹ bá gbàdúrà tán, ara á tù mí, bí ara bá sì ti tù mí, màá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì bí mo ṣe ń gbé e mì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Dókítà ní ọkàn mi ti ń rẹ̀, kí n máa to ilé mi, ohun tí mo sì ní láti tò nìyí. Olúwanífẹ́mi, ọmọ mi, gbọ́ ọ dáadáa, ìwọ tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ lọ́yà. Alhaja Àrínọlá, ẹ kú ìrìn láti Nima. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín ní kàyéfì pé mo ránṣẹ́ pè yín sí àárín àwa onígbàgbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àlàní lẹ mọ̀ mí sí. Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má ṣe já lu ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa jẹ́ Àlàní fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Gbogbo yín mọ̀ pé ilé iṣẹ́ fóònù ni mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan péré ni wọ́n ní ní Adabraka nínú Accra níbí, káàdì ìpè ni wọ́n ń tà. Ilé iṣẹ́ náà wá ń dàgbà. Ó ra ti ẹnìkan, ó ra ti ẹlòmíràn kún un, ó ri òpó mọ́lẹ̀ láti etí òkun títí dé Tamale lókè Ghana, ó sì sọdá sí àwọn ìlú tó yí wa ká. Nígbà tó di ńlá tán, ó ní orúkọ òun àtijọ́ ti kéré jù. Wọ́n gbéṣẹ́ fún àwọn kan lókè òkun pé kí wọ́n wá orúkọ tuntun, àwọn yẹn sì mú Awero wá. Wọ́n ní kò nítumọ̀ ní èdè kankan, pé ó kàn dùn lẹ́nu ni. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni Yorùbá tó wà ní ìpàdé yẹn. Mo mọ̀ pé oríkì obìnrin ni Àwẹ̀ró, mo sì dákẹ́, torí ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó bà á jẹ́ fún un.

Wọ́n kọ́kọ́ dán orúkọ náà wò ní Lomé kí wọ́n tó gbé e wá sí Accra. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí i pé ẹnìkan ní Kantamanto, ọjà òkìrìkà Accra, ti gbà á, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tó gbà á. Ọ̀gá ní olè ni. Ẹ gbọ́, irú olè bẹ́ẹ̀ wà: wọ́n á gbọ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ jẹ́, wọ́n á sáré gba àdírẹ́sì rẹ̀, wọ́n á sì jókòó tì í títí a ó fi wá rà á lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ kan wà lókè òkun tó ń dájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá lè fi hàn wọ́n pé orúkọ náà kò kan ẹni tó gbà á, pé torí kó lè tà á fún wa ló ṣe gbà á, wọ́n á já a gbà fún wa. Ọ̀gá bá kọjú sí mi, ó ní, "Alata ni, Yorùbá bíi tìẹ. Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn, lọ bá wa wádìí ẹ̀." Ó dùn mọ́ mi nínú pé èmi ni wọ́n rán. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Bọ́ọ̀sì trotro ni mo wọ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mọ́tò ilé iṣẹ́. Alhaja, ẹ rántí ọjọ́ náà. Ẹ ń yan ṣòkòtò jíǹsì láti inú bélì obroni wawu, òkìrìkà tó ń ti òkè òkun wá, àwọn aránṣọ yín ń tú u, wọ́n ń fi rán ẹ̀wù tuntun, àdírẹ́sì yẹn lẹ sì fi ń ta àwọn ẹ̀wù náà fún àwọn èèyàn lókè òkun. Bí ẹ ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi lẹ fún mi ní àga. Mo ní Àlàní ni mo ń jẹ́, pé oníṣòwò ni mí, pé orúkọ orí ṣọ́ọ̀bù yín wù mí, kí ẹ ta àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe títà. Orúkọ màámi ni." Mo ní kò sí ohun tí wọn kì í tà, kí ẹ ṣáà dá iye kan lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní, "Ó dáa, ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ó yá, ẹ ná an."

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti rán lọ sọ́jà rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Iye àkọ́kọ́ kì í ṣe iye, eré ni, ọ̀nà tí a fi ń dá ẹni tó ń yọni lẹ́nu lóhùn láìbínú ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fóònù inú àpò mi ń gba ohùn yín sílẹ̀, n kò sì ná an. Mo dìde.

Ìyá yín jókòó lórí bélì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ojú wọn ti fọ́. Mo tẹríba fún wọn, mo sì fi oríkì kí wọn. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ìyá wa, ó dìgbà o." Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Òo. Ta ló ń pè mí?" Mo ní ọmọ wọn ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Orúkọ tìẹ náà ò ní bàjẹ́." Mo ní àmín.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo sì túmọ̀ ohùn yín sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbìmọ̀. Mo túmọ̀ iye tí ẹ dá. Mo fi "kì í ṣe títà" sílẹ̀, mo fi "ẹ ná an" sílẹ̀. Mo gé e kúrò nínú ohùn náà pẹ̀lú. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá tí ì bá mú mi. Bí mo bá dúró níbẹ̀, bóyá mo ṣì lè máa pe ara mi ní èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ìgbìmọ̀ ní kí Alhaja fi ẹ̀rí hàn pé orúkọ náà kàn wọ́n. Gbogbo ìwé ìyá wọn, Ràṣídátù ló wà níbẹ̀. Ta ló ń kọ oríkì sínú ìwé ìrìnnà? Ẹnu ni a fi ń pè é. Alhaja bá pè mí lórí nọ́ńbà tí mo fún wọn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé, pé, "Ẹ̀gbọ́n Àlàní, wọ́n ní mo jí orúkọ màámi, ó dùn mí paa. Ẹ̀yin kàwé, Yorùbá sì ni yín, ẹ ti fi etí ara yín gbọ́ ọ tí wọ́n jẹ́ ẹ. Ẹ bá mi kọ ọ́ sí wọn." Mo ní màá kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ náà ti ní kí n búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, mo sì gbé Bíbélì, mo búra pé láti kékeré tí mo ti ń sọ èdè Yorùbá, n kò gbọ́ kí a pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Pásítọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì ní mo kà á dáadáa.

A jàre. Wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Phoebe, ibẹ̀ ni ilé tí a jókòó sí yìí ti wá. Alhaja tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn kò sunkún, ohùn wọn kàn ti rẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn sọ ìdájọ́ náà fún màmá, màmá sì bi wọ́n pé, "Ta wá ni wọ́n ń pè láti ọjọ́ yìí?" Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe màmá ní Àwẹ̀ró, wọn kì í jẹ́ ẹ mọ́. Màmá ní kí a máa pe àwọn ní ohun tó wà nínú ìwé. Bí màmá ṣe kú nìyẹn, Ràṣídátù ni wọ́n ń jẹ́. Alhaja wá ní, "Ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Olúbáyọ̀ ló búra fún wọn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Alhaja, èmi ni Olúbáyọ̀.

Ẹ ti dìde. N kò ní kí ẹ jókòó. Ẹ kàn fún mi ní àkókò díẹ̀ kí n parí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti dàgbà títí ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ú fi rà á, wọ́n sì ti yí orúkọ pa dà. Wọ́n ti kun Awero kúrò lára gbogbo ògiri ní Accra. Àdírẹ́sì tí mo torí ẹ̀ búra, bí ẹ bá ṣí i lónìí, òfìfo ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wá orúkọ Àrínọlá, ibẹ̀ ni yóò ti kà á pé olè ni. Lọ́la màá lọ bá lọ́yà, màá búra tuntun, a ó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà àti ẹni tó bá tún yẹ kó gbọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ torí ẹ̀ tì mí mọ́lé, kí wọ́n tètè ṣe é.

Olúwanífẹ́mi, bí wọ́n bá rán ẹ lọ bá àwọn èèyàn rẹ nítorí pé o gbọ́ èdè wọn, kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ahọ́n rẹ ṣe. Èmi kò bèèrè.

Alhaja, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, n kò ní bá yín jiyàn, mi ò tiẹ̀ ní bi yín ní iye tí ẹ fẹ́, torí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe títà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde, ẹ gba ẹ̀rí tí ẹ bẹ̀ mí fún nígbà yẹn, níwájú àwọn tó mọ̀ mí. Àwẹ̀ró ni ìyá yín ń jẹ́. Wọ́n jókòó lórí bélì aṣọ ní Kantamanto, ojú wọn ti fọ́, mo pè wọ́n, wọ́n sì jẹ́ mi.