Kásẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lábẹ́ Àkísà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mi ò mọ̀wé. Sùmáyà, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó má bá mi tún un ṣe, kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

Nǹkan kan wà tí mo ṣe ní Mẹ́kà, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí Ọlọ́hun fi gbà á. Sùmáyà ní tí òun bá ṣírò rẹ̀, àwọn ọdún 1990 sí ọ̀hún ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣe é sí ṣì wà láyé. Ó ti darúgbó, èmi náà ti darúgbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i nínú fóònù Sùmáyà, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mo mú lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣèré Íńdíà ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ìlọrin, a máa ń lọ wo fíìmù Íńdíà ní sinimá. A kì í gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n a máa ń sunkún níbi tó yẹ. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń ka pátákó fún àwa tí a ò mọ̀wé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkùnrin yìí, ọ̀rẹ́ olè ló ṣe, wọ́n sì pa á kí fíìmù tó dé àárín. Nígbà tó yá ó di ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ẹni tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ o. Àwọn yòókù, ẹlòmíràn ló ń bá wọn kọ ọ́, wọ́n kàn ń la ẹnu ni." Lọ́dún mìíràn ó tún ní, "Èyí, òun ló ṣeré, òun ló kọrin, òun náà lọ̀gá tó ń sọ ohun tí gbogbo wọn máa ṣe." Ni a bá sọ ọ́ ní Adánìkanṣe.

Gbogbo fíìmù tó bá darí, ibì kan wà níbẹ̀ tí ìyá arúgbó kan máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìtílà, tó máa máa retí ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni orin máa ń wọlé. A ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti rí fìtílà báyìí, kálukú á ti fa ìborùn rẹ̀ síwájú.

Nígbà tó yá, Bàbá Kúdúsì, ọkọ mi, ríṣẹ́ dírẹ́bà sí Jẹ́dà, mo sì tẹ̀ lé e. Àdúgbò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ṣaráfíyà la gbé. Kò sí sinimá ní ìlú yẹn nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Mo wá rí iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣubẹ́kà ní Mẹ́kà, nítòsí Mọ́sálásí Ńlá. Èmi àti obìnrin mẹ́ta la ń tún yàrá ṣe ní àjà kẹrin. A jọ ń sùn ní yàrá kan ní Sáhírì, ní Mẹ́kà níbẹ̀, mo sì máa ń padà sí Jẹ́dà ní Ọjọ́bọ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti Àlàájà Ṣìfáwù tó wà ní ilé kejì sí wa á jókòó ti fídíò. Ìyàwó Íńdíà ló ń pè mí. Á ní, "Ìyàwó Íńdíà, ọkọ ẹ mà ti ń kọrin o."

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò ṣàdédé mú nǹkan rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fi ń gba ara mi sílẹ̀.

Ọdún kan, nígbà tí Ràmàdánì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin náà wá ṣe Úmúrà, ó sì dé sí òtẹ́ẹ̀lì wa. Zúbédà, ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ fún mi. Lárúbáwá tí kò délé ni èmi àti ẹ̀ máa ń sọ sí ara wa. Ó ní, "Ẹni rẹ wà ní yàrá tó kángun sí wíńdò." Mo ní kó má fi mí ṣeré.

Nígbà tí mo rí i, ó kéré sí bí mo ṣe rò. Ó ti fá orí. Ó wọ sálúbàtà rọ́bà. Ó kí mi ní sàlámà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá kí n lè gbé báàkẹ́tì mi kọjá. Ìyẹn náà ni.

Ó ní rẹ̀kọ́dà kékeré kan tó máa ń gbé sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kejì, mo wà níta tí mo ń nu ilẹ̀, mo gbọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ń jáde níbẹ̀ láìsí ìlù, láìsí ohunkóhun. Orin tí mi ò gbọ́ rí ni. Mo dúró. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo nu ojú kan náà.

Àṣà kan wà láàárín àwa tí a ń tún yàrá ṣe ní Mẹ́kà. Bí àlejò bá ń lọ, ohun tí kò bá fẹ́ gbé mọ́, á kó o sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹní ìkírun, sálúbàtà, aṣọ funfun tó fi ṣe Úmúrà, àjẹkù dàbínù. Sàárà wa nìyẹn. A kì í béèrè kí a tó kó o.

Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ kírun Àsárì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn. Aṣọ funfun rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ká a. Kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀kọ́dà yẹn ló wà lórí aṣọ náà.

Bí mo bá ní mo rò pé sàárà ni, irọ́ ni. Àpótí rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ṣíṣí. Rẹ̀kọ́dà wà lórí tábìlì. Ẹni tó ń lọ kì í fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀ kedere. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì, mo fi sínú báàkẹ́tì, mo fi àkísà bò ó. Mo tún yàrá ṣe, mo tì í. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ ohun tí mo ń rò. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ tèmi ni.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà dé ni ọ̀gá wa, ará Íjíbítì kan, kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ síwájú yàrá náà. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò bínú. Ọ̀gá ní, "Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú yàrá yìí. Ẹni tó bá mú un, kó mú un wá kí n tó pe ọlọ́pàá."

Ẹ rántí ìlú tí a wà. Ẹ rántí ohun tí wọ́n ń ṣe fún olè níbẹ̀. Mo sì ń ro ìwé ìgbélùú ọkọ mi. Mo ní, "Wàláhì, mi ò rí kásẹ́ẹ̀tì kankan." Báàkẹ́tì náà wà lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin náà bá Zúbédà sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Zúbédà kọjú sí mi, ó ní, "Ó ní kí n bi ọ́, ṣé ẹlòmíràn lè ti wọ ibẹ̀?"

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Ká ní mo sọ pé bóyá ni. Ká ní mo sọ pé mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí irọ́ mi le. Mo ní, "Èmi ni mo ṣí i, èmi ni mo tì í, ẹ̀dá kankan ò wọ ibẹ̀. Wàláhì tàláhì."

Zúbédà sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Àlùhàmúdúlílàhì." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá pé kó má pe ẹnikẹ́ni. Ó wá bọ́ tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ. Ọ̀gá ní, "Orí ọkùnrin yìí ò pé." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Oṣù bí i mẹ́ta lẹ́yìn náà, Zúbédà mú ìwé ìròyìn Íńdíà kan wá sí yàrá wa ní Sáhírì. Ó ní ọkùnrin náà ti sọ pé òun ò ní kọrin mọ́ láyé òun. Ó ní ó ti pẹ́ tí àyà òun ti ń já lórí orin kíkọ, pé ṣé Ọlọ́hun fẹ́ ẹ àbí kò fẹ́ ẹ. Ó ní nígbà tí òun dé Mẹ́kà, òun gbé kásẹ́ẹ̀tì orin tuntun tí òun fẹ́ràn jù sórí aṣọ Úmúrà òun, òun lọ sí iwájú Káábà, òun kírun rákà méjì, òun sì ṣe àdúà ìsìtiháárà, èyí tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan èyí tó dára fún wa. Ó ní òun wí pé, "Bí o kò bá fẹ́ kí n kọrin mọ́, gbà á lọ́wọ́ mi." Ó ní nígbà tí òun padà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní obìnrin tó ń tún yàrá ṣe fi Ọlọ́hun búra fún òun pé ẹ̀dá kankan ò wọ ibẹ̀.

Zúbédà ká ìwé náà. Ó ní, "Ìwọ lobìnrin yẹn." Ó dì mọ́ mi. Ó ń sunkún ayọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá sọ?

Ọ̀rọ̀ náà dé Jẹ́dà. Obìnrin tó ń ṣe wáàsí fún àwa obìnrin Yorùbá fi ọkùnrin náà ṣe àpẹẹrẹ. Àlàájà Ṣìfáwù, tí kò sẹ́ni tó lè kọ wákà bí i tirẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, dìde níbẹ̀, ó ní òun náà ti fi orin sílẹ̀. Ó ṣe ogójì ọjọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n ní kí ẹlòmíràn kọ ọ́, onítọ̀hún sì bà á jẹ́. Ṣìfáwù fara dà á, fara dà á, ó wá bú jáde pé, "Ẹ gbà á lẹ́nu obìnrin yìí kí Ọlọ́hun tó gbọ́!" Orin rẹ̀ nìyẹn, kò dá a dúró mọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ọkùnrin Íńdíà yẹn kò ní ẹni tó dá a padà sídìí orin.

Fíìmù rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn Mẹ́kà, èmi àti Ṣìfáwù jọ wò ó. Ìyá dúró pẹ̀lú fìtílà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí orin. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ lórí òkúta nìkan la gbọ́, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi dé. Zúbédà ní wọ́n gbóríyìn fún un gidigidi ní Íńdíà, pé ẹnikẹ́ni ò ṣe irú ẹ̀ rí. Èmi mọ orin tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Àwọn fíìmù tó tẹ̀ lé e kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń náwó lé e ò gbà fún un kó máà sí orin, wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn sí i lẹ́nu. Ó ń la ẹnu bí àwọn yòókù. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣaráfíyà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, kò darí fíìmù mọ́. Ó ń ṣe bàbá ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó ń ṣe adájọ́ tó máa sọ ọ̀rọ̀ méjì, tó máa dìde.

Mo máa ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà bí Bàbá Kúdúsì ò bá sí nílé. Mo gbọ́ ọ títí okùn inú rẹ̀ fi já, lọ́dún tí a padà sílé. Ike òfìfo ló kù nínú àpótí mi. Tẹ̀súbáà náà wà níbẹ̀, mi ò fi í ka ohunkóhun rí.

Mo bi àfáà kan ní Ìlọrin, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é. Ó ní ohun tó bá sọnù ní Mẹ́kà, ẹnikẹ́ni kì í mú un àfi ẹni tó máa kéde rẹ̀. Mo ní, "Àfáà, bí Ọlọ́hun bá fi gba àdúà ńkọ́?" Ó ní, "Ọlọ́hun lè fi ọwọ́ olè gba àdúà. Olè ṣì ni olè." Ó wá ní kí n kí ọ̀rẹ́ mi.

Nínú fóònù, wọ́n bi ọkùnrin náà bóyá orin ń wù ú. Sùmáyà, tí wọ́n bí sí Jẹ́dà, ka Lárúbáwá tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní ọkùnrin náà ní òun ò kábàámọ̀, pé ẹni tí Ọlọ́hun dá lóhùn kì í kábàámọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló wà, pé òun ti gbàgbé orin yẹn. Ó máa ń wu òun láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú, bóyá ní àlùjánńà.

Èmi ò gbàgbé. Mo mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ibi tó ti ń mí.

Sùmáyà ní kí n kọ ọ́ sínú fóònù, òun á fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ọ, á mọ̀. Á mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́hun ló wọ yàrá náà, èmi ni, pẹ̀lú báàkẹ́tì. Ohun tó gbára lé láti gbogbo ọdún yìí wá, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá sì kú láìkọ ọ́, orin náà bá mi lọ.

Lánàá mo kọ ọ́ fún Sùmáyà nínú yàrá. Ó ní, "Ìyá Àgbà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Ẹni tó lè sọ ọ́ fún wa, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ṣé kí n kọ orin náà ránṣẹ́ sí i, àbí kí n pa ẹnu mi dé bí mo ṣe pa tirẹ̀ dé?