Oṣù Lé, Ìkànnì Wa Kò Wó

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, kì í ṣe ẹkún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi alelúyà kan gbé mi ró!

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn, kí ààwẹ̀ ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà ló ń ṣà lẹ́yìnkùlé wa níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ọ̀yọ́. Mo gbọ́ tó ń béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ rò pé oṣù ààwẹ̀ máa lé?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ lásán ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Olúwa ti pè é sílé.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Àwa la ni ìkànnì ayélujára tí àwọn oníṣòwò ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ọjà Takie níhìn-ín ń pàtẹ ọjà sí, tí oníbàárà á tẹ fóònù, tí ọlọ́kadà á gbé ẹrù dé ilé fún un. Èmi ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. A ò ní kọ̀ǹpútà ńlá tiwa. A ń háyà rẹ̀ lórí cloud ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá tí à ń lò láti orí ayélujára, bí a ṣe ń háyà àga fún ìkórè níhìn-ín. Bí èrò bá fẹ́ pọ̀, a ó háyà kún un. Bí wọ́n bá lọ, a ó dá a padà. Ìyàwó mi kọ ètò kan tó ń wo bí èrò ṣe wá sẹ́yìn, tó ń fi mọ ìgbà tí wọn yóò tún wá, tó sì ń háyà sílẹ̀ dè wọ́n. Ó máa ń sọ pé, "Bàbá Tómi, àlejò kì í jókòó tán ká tó máa wá àga."

Alẹ́ tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ku ọ̀la ni èrò wa máa ń pọ̀ jù: adìyẹ, ìrẹsì, bàtà ọmọdé. Bí ìkànnì bá wó lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn oníṣòwò ò ní gbà wá gbọ́ mọ́, ohun tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ á sì bá a wọlẹ̀.

Ààwẹ̀ ń parí lọ. Mo wo ètò náà. Ó ní gbogbo nǹkan á parọ́rọ́ lọ́sẹ̀ náà. Mo dúpẹ́, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Níbi ìsìn Ọjọ́rú, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi wó mọ́ mi lọ́wọ́." Ẹ̀yin ará, ẹ̀wà ni mo rí! Ẹ̀wà nínú àwo, fóònù léjìká, "Ìgbà wo lẹ rò pé oṣù ààwẹ̀ máa lé?" Orí mi wú.

Èmi tí wọ́n bí sínú ìjọ yìí, kàlẹ́ńdà tí mo fi ń ka Kérésì ni mo fi ń ka gbogbo ọdún. Déètì tọdún tó kọjá ni ètò náà sì ń retí, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí á ti jẹ ọdún tán, tí wọ́n á ti fọ abọ́! Oṣù ojú ọ̀run kì í dúró de kàlẹ́ńdà wa. Ọdọọdún ló ń ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó mi, ọmọ ilé Mùsùlùmí, ló ń tún un ṣe lẹ́yìn tó bá ti bi ìyá rẹ̀.

Mo pe ìyá ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ kú ààwẹ̀ o, mà. Ọjọ́ wo lẹ máa jẹ ọdún?"

"Háà, ọkọ ọmọ mi! Ẹ ò gbààwẹ̀, ẹ ń béèrè ọdún?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú ọ̀run là ń wò. Tí oṣù bá lé lọ́la, Jímọ̀ la máa kírun. Tí kò bá lé, ó di Sátidé." Ó tún fi kún un pé, "Ọdọọdún ni Àṣàbí ń bi mí bẹ́ẹ̀, kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ àti kó tó parí. Mo rò pé ó fẹ́ padà wá bá wa gbààwẹ̀ ni! Lọ́tẹ̀ yìí tó ń parí lọ, mo ṣáà ń wo fóònù."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo jókòó síbi tó máa ń jókòó. Mo yí déètì inú ètò náà padà. Mo háyà kọ̀ǹpútà kún tiwa fún alẹ́ méjèèjì, torí n kò mọ èyí tí oṣù máa mú. Bí oòrùn ti wọ̀, Ìyá pè láti Ọ̀yọ́: "A ti rí i o! Gbogbo Akẹ̀sán ló ń pariwo!" Kó tó sọ̀rọ̀ tán, èrò ti ya wọlé bí òjò. Ìkànnì wa kò tilẹ̀ kọsẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará! Olúwa ló rán mi létí, òun ni kí ẹ fi ògo fún. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe láìsí i nìyẹn: mo to àga sílẹ̀ kí àlejò tó dé.