Kọ́mà Tí Mo Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kóòdù mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, bí mi ò bá sì pọ̀ ọ́ jáde lónìí, yóò pa mí. Àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, èyí tó ń ka nọ́ńbà téèyàn bá tẹ̀ kó tó ṣírò rẹ̀, ó ti tàn kálé káko, ẹ sì máa ń yìn mí pé kò já yín kulẹ̀ rí. Irọ́ ni. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Baálé mi, ọ̀fẹ́ niṣẹ́ yín, àmọ́ ìgbéraga tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o."

Obìnrin kan fi kóòdù mi kọ ètò tí ilé ìwòsàn rẹ̀ fi ń ṣírò oògùn ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì fẹ́ tẹ ìwọ̀n ọmọ ọwọ́ kan, kílò mẹ́rin àtààbọ̀, ó wá fi kọ́mà sáàárín dípò póìntì: 4,5. Kóòdù mi fo kọ́mà náà, ó kà á sí kílò márùndínláàádọ́ta. Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kó tó pariwo pé, "Oògùn yìí mà ti pọ̀ jù fún ọmọ bíńtín yìí!" Ọpẹ́lọpẹ́ ojú rẹ̀.

Obìnrin náà tọpasẹ̀ àṣìṣe náà dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì fi tó mi létí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbà. Mo fèsì pé, "Kò sóhun tó ṣe kóòdù mi. Ẹ yẹ tiyín wò."

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ì bá sàn. Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹ̀dà kan bá ti jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà tuntun, kí gbogbo ayé lè mọ ohun tó yí padà. Èmi ọ̀dàlẹ̀ tún àṣìṣe náà ṣe, mo fi í sábẹ́ nọ́ńbà àtijọ́, mo sì pa ìtàn kóòdù náà rẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ti yí padà nínú ẹ̀. Àbúrò kan tá a jọ ń tọ́jú kóòdù náà rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò dáa o. Obìnrin yẹn ńkọ́?" Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ó sì dákẹ́.

Láti yẹ ọ̀rọ̀ obìnrin náà wò, ọ̀gá ilé ìwòsàn ní kí wọ́n gba ẹ̀dà tó ní nọ́ńbà kan náà lákọ̀tun látọ̀dọ̀ mi. Wọ́n tẹ kọ́mà, ó kà á dáadáa. Wọ́n wá rí i pé ẹ̀dà ọwọ́ obìnrin náà yàtọ̀, wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣáà sọ òótọ́." Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ: "Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ rí. Ẹ lọ wo ìtàn ẹ̀." Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tún pè é ní òpùrọ́.

Láìpẹ́ yìí ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Mi ò bá yín jà mọ́ sà. Ọmọ mi ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi, ó wá ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo parọ́." Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo ti dá ìtàn kóòdù náà padà bó ṣe wà, láti inú ẹ̀dà tó ṣẹ́ kù sínú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Mo ti kọ̀wé jẹ́wọ́ fún ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ kóòdù fún aráyé, àṣìṣe ò lè bà yín lórúkọ jẹ́ tó bíbò tí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà bá mi sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ò parọ́.