Oògùn Tó Ń Mú Ojú Ọkọ Mi Wú

Ọkọ mi kò kú o, ẹ má ṣàánú mi lọ́nà yẹn. Ogbómọ̀ṣọ́ ló wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èmi wà l'Ágége níbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀, n kì í dáná oúnjẹ mọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Kókó kan ló yọ sí i nínú ikùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Dókítà ní orí bá wa ṣe é, kókó náà kò bẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ó ti tóbi jù, irú ẹ̀ sì máa ń padà wá, nítorí náà kí ọkọ mi máa lo oògùn kan lójoojúmọ́ fún ọdún mélòó kan, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Ó ń lò ó, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ní Àgídìngbì.

Oògùn yìí ló ń mú kí ojú rẹ̀ wú láràárọ̀. Dókítà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé ìyàwó tún lù ẹ́ ni?" Àwa náà a rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wa. Wọ́n wo ojú àbúrò wọn, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní oògùn òyìnbó ló fẹ́ pa á, àwọn ń mú un lọ sílé lọ fún un ní àgbo. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ ni? Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà." Ọkọ mi náà kì í kọ ọ̀rọ̀ wọn. Èmi náà ni mo bá wọn di ẹrù rẹ̀. Mo ki oògùn sáàárín aṣọ, wọ́n yọ ọ́ síta.

Lánàá ló pè mí. Ó ní ojú òun kò wú mọ́ rárá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyá Ròfíà, ikùn mi tún ti ń le níbi tí wọ́n ti là á. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi o, wọ́n á rò pé mi ò mọyì ìtọ́jú wọn."

Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì lọ. Bí mo bá lọ fipá mú un, mo ti di ìyàwó tó rí àgbà fín nìyẹn, mo mọ̀ wọ́n, wọn ò ní gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ilé ọkọ ṣáájú mi, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàwó máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí wọ́n fi máa yọ̀ǹda ọkọ ẹ̀ fún un láàyè?