Ilẹ̀ Gbọ̀ngàn Náà Kò Ga Tó, Èmi Ni Mo Sì Wọ̀n Ọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé òjò tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ àná ò tíì dá.

Ayàwòrán ilé ni mí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Ṣógúnlé, èmi, tábìlì kan àti kọ̀ǹpútà kan. Ilé tí mo ti yà pọ̀ láti Ṣógúnlé títí dé Jakande. Ẹnu mi mú, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá ṣìnà, màá ní ọ̀nà ló sọnù.

Àdúgbò kan wà lẹ́bàá kánáàlì ní Ìsọlọ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdọọdún ni omi ń wọlé bá wọn. Ẹgbẹ́ onílé ibẹ̀ wá pinnu pé àwọn máa kọ́ gbọ̀ngàn kan sórí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣèpàdé, ibẹ̀ ni àwọn ìyá á ti máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wọn, ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ á ti máa kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Bí omi bá sì dé, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa sá sí. Èmi ni wọ́n ní kí n yà á.

Nínú ìpàdé, bàbá kan béèrè bóyá obìnrin lè mọ bí omi ṣe ń ga tó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ egungun. Mo dìde, mo ní èmi fúnra mi ni màá lọ wọ̀n ọ́n.

Mo lọ sílé Ìyá Sikírù, opó kan tó ti pẹ́ jù ládùúgbò náà, torí gbogbo èèyàn ló sọ pé ara ògiri rẹ̀ ni àmì omi ti hàn jù. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kúrú, mo fi orí gbá a. Nínú ọkàn mi, mo bú bíríkìlà tó kọ́ ilé náà. Ìyá fi ibi tí omi dé hàn mí, ilà rúsúrúsú kan tí ọ̀dà ò lè bò. Mo na tépù láti ilẹ̀ yàrá dé ibẹ̀. Ó tó ìbàdí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ. Nígbà tí mo yàwòrán, mo fi búlọ́ọ̀kù kan gbé ilẹ̀ gbọ̀ngàn ga ju àmì yẹn lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ máa dúró sí nígbà tí Ràfíù, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ò ga tó o. Ẹ jẹ́ ká fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lé e ká tó da iyanrìn sí i. Gbogbo àwọn ará ibí ti gbé ilẹ̀ ilé wọn sókè, kò sẹ́ni tó gbé ti pápá yìí."

Mo bi í níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bóyá òun ló ya pílánù. Mo ní kó máa kọ́lé, kó fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ó dáa, mà."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúrò létí mi. Mo yà sọ́dọ̀ Ìyá Sikírù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bi í pé kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bó ṣe wà nìyẹn nígbà tá a kọ́ ọ ni? Ilẹ̀ ló gòkè. Bí omi bá ti lọ, a ó da iyanrìn àti kọnkéré sílẹ̀ yàrá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe é. Àwọn èèyàn da òkúta sí títì náà, ni gbogbo ẹ̀ fi jọ ń gòkè."

Mo bi í bóyá kí wọ́n tó da ilẹ̀ ni omi fa ilà yẹn, àbí lẹ́yìn rẹ̀.

"Lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ọdún tó kọjá mà ni."

Orí ilẹ̀ tó ti gòkè lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti wọ̀n, pápá sì wà nísàlẹ̀ níbi tó wà látijọ́. Bí irú omi yẹn bá tún dé, á wọ gbọ̀ngàn náà dé itan àgbàlagbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní lè dúró nínú ẹ̀. Gbọ̀ngàn náà ò sì ní òkè tí èèyàn lè sá gùn, irin ni mo yà sójú gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí olè.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí. Láti ilé Ìyá sí pápá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ràfíù ò tíì da iyanrìn. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin péré ni. Mo débẹ̀, mo rí bàbá tó fi mí ṣẹ̀sín nípàdé, òun àti Alága ẹgbẹ́ onílé jókòó síbi tí ibòji wà, wọ́n ń wo iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì kọjá lọ.

Wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n ṣí i, ó sì lẹ́wà. Ìyá Sikírù gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo èèyàn, ó ṣàdúrà fún mi. Tẹ́lẹ̀, bí omi bá dé, òkè ilé aládùúgbò rẹ̀ kan ló máa ń sá lọ. Ó ní òun ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, pé ọmọ òun ti kọ́ ilé fún òun.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín tèmi ni mò ń sá fún, ikú tí mo yàn dípò rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́, ó kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alága ní kí n bá àwọn kọ ìkìlọ̀ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo onílé, torí èmi ni mo mọ gbọ̀ngàn náà jù. Mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo jókòó tì í títí. Ohun tí mo kọ ni pé bí omi bá ń bọ̀, kí wọ́n kó àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé wọ gbọ̀ngàn kí àwọn yòókù tó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́.

Sikírù, ọmọ Ìyá, pè mí ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Ó ní kánáàlì ti kún dé ẹnu. Ó ní kí n má mikàn, pé àwọn ti gbé ẹní Ìyá lọ sí gbọ̀ngàn láti àárọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Nọ́ńbà Alága wà lójú fóònù mi báyìí. Bí mo bá pè é, gbogbo Ìsọlọ̀ ló máa gbọ́, wọ́n á sì ní àwọn ti sọ pé obìnrin ò lè ṣe é. Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé wọn. Mo rò pé á sàn kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, kí n bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé mo lè dúró di Sátidé?