Mo Fi Orúkọ Òkú Tan Aya Rẹ̀

Pásítọ̀ Buraimoh, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Ohun kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, mi ò fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Sharon, ọmọ mi, jókòó. Ìwọ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀yin ìjọ rò pé èmi Ọládélé ṣàánú ọmọ aláìlóbìí nígbà tí mo mú un wá sílé mi ní Akébé, nílẹ̀ àjèjì tí a wà yìí. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní gbangba. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ di ọmọ tí kò níyàá.

Ẹ rántí Jonathan Ògúnbọ̀dé, bàbá rẹ̀, tó ń tún iná ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté Owendo. Ọ̀rẹ́ mi ni. Kò fi owó rẹ̀ sí náírà. Bítíkọìn ló ń rà pamọ́ sórí fóònù ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ àwọn oníjìbìtì pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbé àwòrán ẹlòmíràn lé iwájú, kó ní, "Èmi ni, sanwó síbí." Ìdí nìyẹn tí àwa méjèèjì fi jọ gba orúkọ kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí èèyàn ń sanwó lé lórí lọ́dọọdún, tí ẹlòmíràn ò lè lò níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A fi òǹtẹ̀ Jonathan, àmì tí fóònù tirẹ̀ nìkan lè tẹ̀, sínú àkọsílẹ̀ orúkọ náà, níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Bó bá béèrè owó, fóònù ìyàwó rẹ̀ á lọ wo àkọsílẹ̀ yẹn. Bí òǹtẹ̀ tó wà lára ìbéèrè náà àti èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ bá bára mu, àmì aláwọ̀ ewé á jáde. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ nígbà tó ń kọ́ ìyàwó rẹ̀: "Fọlákẹ́, má wo àwòrán, má gba ohùn gbọ́. Orúkọ yẹn ni kó o wò. Tí àmì ewé bá ti jáde, èmi ni."

Jonathan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Calabar lọ ra ẹ̀rọ. Kò dé. A ò rí ọkọ̀, a ò rí òkú. Adéfọlákẹ́ wọ aṣọ dúdú, a sì kọrin ìsìnkú láìsí pósí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni náírà já lulẹ̀, ọdún kan náà tí àwọn ológun gba ìjọba níbí. Gbogbo ohun tí mo ti ń kó sí báǹkì nílé láti ìgbà èwe mi di ìdajì lójú mi. Mo ń rìn kiri àdúgbò PK12 bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Àsìkò yẹn náà ni owó ọdún orúkọ Jonathan pé, kò sì sẹ́ni tó san án. Orúkọ náà bọ́ sọ́jà. Mo rà á. Mo sọ fún ara mi pé ìrántí ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ fi ṣe. Irọ́ ni! Ọjọ́ náà gan-an ni mo fi òǹtẹ̀ tèmi sínú àkọsílẹ̀.

Mo wá fi orúkọ náà béèrè owó lọ́wọ́ opó náà. Mo kọ ọ́ pé, "Fọlákẹ́, èmi ni. Àwọn olè ojú òkun ló mú mi. Sanwó, kí wọ́n lè tú mi sílẹ̀. Má sọ fún ìjọ."

Ó sáré wá bá mi. Ó ti bọ́ aṣọ dúdú. Kò sunkún, ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé. "Bùrọ̀dá Délé, ọkọ mi wà láàyè! Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin lẹ jọ ṣe orúkọ yẹn."

Mo gba fóònù. Mo ṣí àkọsílẹ̀ tí èmi fúnra mi yí padà, mo fi hàn án. Mo ní, "Ìyá Sharon, ó bára mu. Òun ni." Ẹnu tí mo fi ń ṣe àmín pẹ̀lú yín ni mo fi sọ ọ́.

Ó san. Mo tún béèrè. Ó ta fìrísà tó fi ń ta ẹja lọ́jà Mont-Bouët, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó yá, iyèméjì mú un, ó sì kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ pé: kí ni wọ́n sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí ṣáájú Sharon, èyí tí kò dúró? Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àti èmi, tí mo gbé ọmọ náà dé ibojì nítorí pé apá Jonathan ò ká a. Ẹ wò ó, mo lè dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́ ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Mo kọ ọ́: Mofìyìnfólúwa.

Mo fi í ránṣẹ́. Ó ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi, tó ń kà á. Mo pa òǹtẹ̀ náà rẹ́, mi ò béèrè nǹkan mọ́. Ó ti pẹ́ jù. Mo bá Adéfọlákẹ́ létí òkun lọ́sàn-án gangan. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Abọ́ ìrẹsì kan wà lórí iyanrìn, ṣíbí méjì ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Sharon, ṣé Jonathan tún kọ̀wé ni?"

Ó yà á lẹ́nu. "Ta ló tún ń wo fóònù? Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni? Ó ní kí n kí yín, Bùrọ̀dá. Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mo sá ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn apẹja rí i tó ń rìn wọ omi, tó ń ju ọwọ́ sí ẹnì kan lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n pariwo, wọ́n wa ọkọ̀ pírógì wọn lọ bá a. Ìborùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fà jáde. Ẹ̀yin ní ìbànújẹ́ ló pa á, mo sì bá yín ṣe "bẹ́ẹ̀ ni". Láti ìgbà yẹn ni omi ti ń kún inú mi. Dókítà ń fà á, ó ń padà. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni. Bóyá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ, ẹ má sọ ohun tí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé di pàkúté fún un. Owó náà ti ná tán. Mi ò lè sọ ohun tí mo fi rà.

Sharon, ìwọ tó ń pè mí ní Tonton bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, o máa ń sọ fún mi pé, "Tonton, bàbá àti ìyá mi máa jọ dé," torí pé ohun tí ìyá rẹ sọ fún ọ kó tó lọ nìyẹn. Èmi ni mo gbìn ín sí i lọ́kàn. Wọn ò ní dé, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí.

Pásítọ̀, ẹ má dì í mú, ẹ jẹ́ kó sunkún. Bó bá sì sunkún tán, tó ní òun ò lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ̀ ẹ́.