Ìpara Tí Mo Fi Pa Ọrùn Nakibuule

Ẹ̀yin ọmọ Mukiibi, ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ ohun tó sọ nípa àìsàn mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú ilẹ̀. Kembabazi, ìyàwó kejì bàbá yín, kò ṣe Nakibuule, ọmọ ìyálé rẹ̀, ní nǹkan kan. Èmi ni.

Èmi ni Ssenga ilé yìí, àbúrò bàbá yín lóbìnrin, tí í múra ọmọbìnrin sílẹ̀ fún ilé ọkọ. Ọwọ́ Ssenga ni ara ìyàwó tuntun wà. Ìyá tó bí i pàápàá kì í dá sí i. Nígbà tí àwọn àna fẹ́ wá tọrọ Nakibuule, làpálàpá yọ sí i lẹ́yìn ọrùn. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fún wa ní ìpara. Ó ní, "Mama, ẹ fọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ dáadáa. Ẹ fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, kó kọjá etí ibi tó mú un díẹ̀. Tó bá dà bíi pé ó ti san, ẹ má tíì dá a dúró o, ẹ lò ó dé ọjọ́ tí mo dá. Kẹ́nikẹ́ni má bá a lo aṣọ ìnura."

Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni. Nígbà tí làpálàpá náà kò tètè lọ, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní Ssenga kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ìpara kan tí mo ń rà ní kọ̀rọ̀ ní ìlú Masaka láti fi bó ojú mi, èyí tó lágbára gan-an. Mo ti rí i pé kíá ló ń pa ara yíyún. Mo ju ti nọ́ọ̀sì sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi tèmi pa á. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, pípọ́n náà lọ. Nakibuule dì mọ́ mi, ó ní, "Ssenga, ọwọ́ yín mà dáa o." Mo sì gba ìyìn, èmi aláìnítìjú.

Ìpara náà kàn di ajá lẹ́nu ni, olè ṣì wà nínú ilé. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ tí àwọn àna ń bọ̀, làpálàpá ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ dé àyà, awọ ara rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ wò mí lójú: "Kí lẹ fi pa ọmọ mi lára?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kembabazi jẹ́ ará Ankole, kì í ṣe ẹ̀yà tiwa, ó sì ti gbé bọ́tà màlúù wá látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kí a fi pa ìyàwó lára bí àwọn ti ń ṣe. A kò tíì ṣí i. Mo wọ yàrá, mo fi ọwọ́ bu ìdajì rẹ̀ dà nù, mo gbé ìkòkò náà jáde. Mo ní, "Ẹ bi ará Ankole."

Kembabazi kúnlẹ̀. "Ssenga, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a ò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ wò mí lójú, kẹ́ ẹ tún un sọ." N kò wò ó. Wọ́n lé e jáde lọ́jọ́ náà.

Oògùn oníhóró tí wọ́n fún Nakibuule ní ilé ìwòsàn ńlá ló wò ó sàn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ó rí ọkọ fẹ́. Kembabazi ni kò rí ilé padà sí. Nígbà tí bàbá yín kú, ó wá, ẹ sì dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dúró sí tí a fi sin ọkọ rẹ̀. Mo rí i, mo ń kọrin ìsìnkú lọ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ìpara tí ń bójú kì í ṣe oògùn làpálàpá. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ lò ó, kódà kó jẹ́ Ssenga yín, ẹ kọ̀ fún un.

Ẹ lọ pe Kembabazi wálé. Ẹ má kọ́kọ́ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ mú un lọ síbi ibojì ọkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sunkún tẹ́ ẹ kò jẹ́ kó sun. Lẹ́yìn náà, tó bá fẹ́, kó wá. Tí kò bá fẹ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́.